Declivity

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tàbí ti òkè, bí a bá wò ó láti orí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Orísun: Láti inú èdè Látìn ni: de, èyí tí í ṣe “sísàlẹ̀”, àti clivus, èyí tí í ṣe “gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́”. Ó wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Ìlò: Inú ìwé ni a ti sábà máa ń bá a pàdé, slope ni ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Acclivity ni òdì rẹ̀. Òkè kan náà ni àwọn méjèèjì lè tọ́ka sí: ẹni tí ó dúró lórí òkè rí declivity, ẹni tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ rí acclivity. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń fi í hàn. Nítorí náà, kí olùtumọ̀ lo “sọ̀kalẹ̀” tàbí “gùn” gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, kí òǹkàwé má baà rò pé ẹni tí ń bọ̀ nílẹ̀ ń gòkè lọ.

Àpẹẹrẹ: Wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà títí wọ́n fi dé etí odò.