Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìtàn 'ough'

Kò sí olùkọ́ tí ó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì gbọ́ kí ọmọ ka 'though' bí ẹni ń ka 'tough'. Àwa pẹ̀lú ti bá ọmọ wí rí nítorí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, tí a pè é ní ọ̀lẹ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ.

Ẹ wo lẹ́tà mẹ́rin yìí: o, u, g, h. Nínú 'cough' àti 'tough', ìró f ni ó gbẹ̀yìn. Nínú 'though', 'through' àti 'bough', a kò gbọ́ kọ́ńsónáǹtì kankan lẹ́yìn fáwẹ̀lì, fáwẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bára mu. Ti 'daughter' àti 'laughter', tí wọ́n ní a dípò o, tilẹ̀ ya ni lẹ́nu jù: lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí àwọn Nọ́máànì tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, 'toh' ni wọ́n ń kọ fún 'tough', 'dohtor' fún 'daughter'. Lẹ́tà h yẹn dúró fún ìró kan tí a ń pè lẹ́yìn ẹnu, bí ìgbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá há ènìyàn lọ́fun tí ó fẹ́ tu ú jáde. Yorùbá kò ní ìró náà, ṣùgbọ́n ará Jámánì ṣì ń pè é nínú 'Tochter', tí í ṣe ọmọbìnrin lédè tiwọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà ni àwọn akọ̀wé tí àṣà ìkọ̀wé Faransé ti mọ́ lára bẹ̀rẹ̀ sí í fi gh rọ́pò h. Ohun tí wọ́n kọ nígbà náà ni wọ́n ń pè.

Ní ọdún 1476, William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster. Bí ìwé títẹ̀ ti ń mú kí àkọtọ́ dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni ìró yìí ń kú lọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó pòórá nínú ọ̀rọ̀ kan, ó di f nínú òmíràn. Fáwẹ̀lì pẹ̀lú ń yí padà. Àwọn kan tilẹ̀ kó gh lọ sí ibi tí kò sí rí. Inú èdè Faransé ni 'delight' ti wá, láìní gh. 'Light' ni wọ́n fi ṣe àwòkọ. 'Hiccough' sì ń dún bíi 'hiccup' títí di òní, nítorí pé ẹni tí ó rò pé òsúkè bá ikọ́ tan ni ó fi 'cough' sí i nídìí. Nígbà tí Samuel Johnson fi máa gbé ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní ọdún 1755, ẹ̀pa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bóró mọ́. Noah Webster ti Amẹ́ríkà fi 'plow' rọ́pò 'plough' nínú tirẹ̀ ní ọdún 1828, ṣùgbọ́n 'cough' àti 'though' wà bí wọ́n ṣe wà.

Àkọtọ́ Yorùbá kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìpàdé tí ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 ti gbìyànjú láti mú kí lẹ́tà àti ìró bára mu. Lẹ́tà méjì ni gb lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró kan ṣoṣo ni, níbikíbi tí a bá ti rí i. Síbẹ̀, kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó pé, 'aiye' àti 'enia' ti wà lójú ìwé wa, tí wọn kò bá ohun tí ẹnu ń pè mu mọ́, títí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 fi sọ wọ́n di 'ayé' àti 'ènìyàn'. Orúkọ ìlú ni ó ṣòro jù láti tún ṣe. Ọmọ Ọ̀fà tí ó kọ f méjì sórí fọ́ọ̀mù ìdánwò, tí ó sì kọ f kan nínú àròkọ Yorùbá rẹ̀, kò ṣẹ̀ wá, a kò sì gbọdọ̀ gé máàkì rẹ̀.