Ta Ló Gbẹ́ Ẹ? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Orúkọ Oníṣọ̀nà Níbi Àjọ̀dún Ìlú

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kó ohun àmúyangàn láti gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ wọn síbẹ̀ kí aráyé wá wò ó. Lára ohun tó ti Nàìjíríà lọ ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ère ló kún ara ilẹ̀kùn náà: Ọba jókòó, olorì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bọ̀ wá bá a lálejò. Iṣẹ́ náà wu ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe di ará Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò bá a dé Wembley. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni, ó sì wà láàyè nígbà náà tó ń gbẹ́gi lọ. Ọdún 1938 ló tó kú.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni pé, nígbà tí ìlú bá péjọ láti yẹ́ ọnà sí, ta gan-an ni wọ́n ń yẹ́ sí? Mo mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìran ijó tí wọ́n ń gbé ère lé orí jó, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, mo sì tọ pinpin díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa rẹ̀. Èrò mi ni pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ya ọnà kúrò lára oníṣọ̀nà rí. Àwọn ìpàtẹ tó dé lẹ́yìn ló ya wọ́n.

Òwe kan wà tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń fi ṣíde, èyí tó sọ pé ojú tó bá ti rí i ti dópin ìran. Òótọ́ ni òwe náà, àmọ́ ó ti gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe: a kì í tún bi ara wa pé kí ni ojú náà rí, ta ló sì fi hàn án. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun ìran yìí. Àwọn kan sì ní Ìlobì ni. Ó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn Yewa, ó dé Èkó, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e dé Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìṣẹ̀ǹbáyé tó ta yọ, wọ́n sì fi í sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ìyá Ńlá àti àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi tù lójú. Henry Drewal àti Margaret Drewal, nínú ìwé wọn ti 1983, tẹnu mọ́ agbára àwọn ìyá. Babátúndé Lawal, nínú tirẹ̀ ti 1996, gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan àwùjọ. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù agbára ló ń wá ìrẹ́pọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ṣe pàtàkì ju bí àwọn ìwé ti ń sọ ọ́ lọ. Ọjà ni. Ibi tí wọ́n ti ń náwó, tí wọ́n ti ń díyelé nǹkan, tí ojú àwọn obìnrin ti mọ́ rírí àlébù ọjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé ọnà wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ère náà dáadáa. Àtàrí ni oníjó ń gbé e lé. Aṣọ tó bò ó lójú ló ń gbà ríran. Ìsàlẹ̀ ère jẹ́ ojú ènìyàn, ojú obìnrin lọ́pọ̀ ìgbà, tó balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì fajúro. Ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n we gèlè fún un tàbí kí wọ́n dirun fún un. Òkè orí yẹn wá ni agbẹ́gilére ti ń fi ọgbọ́n inú ṣeré. Ejò àti ẹyẹ lè máa jà níbẹ̀. Ìyá ọlọ́jà lè ru igbá. Ẹ̀rọ ìránṣọ lè wà níbẹ̀, tàbí ẹni tó gun alùpùpù, tàbí bàálù. Òmíràn ní okùn tí oníjó ń fà láti abẹ́ aṣọ, tí ère òkè á sì máa mira. Kí ọjọ́ àjọ̀dún tó pé, wọ́n á tún ère kùn. Ẹfun, osùn àti búlúù ìfọṣọ ni tàtijọ́. Ọ̀dà inú agolo ló wọ́pọ̀ báyìí. Àwọn òyìnbó tó ń ra ère fẹ́ èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, wọ́n ní ìyẹn ló jọ ojúlówó. Lójú ẹni tó ni ín, ère tí ọ̀dà rẹ̀ ṣí dà bí ẹni tó wọ àkísà lọ síbi ìgbéyàwó.

Aṣọ ara oníjó kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Gèlè àti ọ̀já ìpọnmọ àwọn obìnrin ìlú ni wọ́n yá, tí wọ́n dì mọ́ ọn lára títí tí ọkùnrin náà fi sanra bí abiyamọ. Obìnrin tó dúró létí agbo ń wo ọ̀já tó fi pọn ọmọ rẹ̀ bó ti ń jó. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà wà lójú agbo.

Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jó lọ́sàn-án, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ á sì tẹ̀lé wọn. Méjìméjì ni wọ́n máa ń jáde, ère wọn jọra bí ìbejì. Ìyáàlù á sọ̀rọ̀, ṣaworo irin tó wà lẹ́sẹ̀ oníjó sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn lẹ́sẹẹsẹ, kí ó má yá, kí ó má pẹ́. Ẹni tó bá ẹsẹ̀ ìlù mu, èrò á ya bò ó. Ẹni tó ṣì í ń lọ sílé pẹ̀lú yẹ̀yẹ́. Kò sí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó ń fúnni ní máàkì níbẹ̀, ìdájọ́ náà kò sì ní kọ́tẹ́ẹ̀mílọ́rùn.

Ti ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, le ju ìyẹn lọ. Òru ni ẹ̀fẹ̀ ń jáde, orin ló sì gbé e dé ipò: ó ń wúre, ó ń júbà, ó ń bú olè, ó ń fi àwọn aláṣejù ṣẹ̀sín. Afọlábí Ọlábímtán, òǹkọ̀wé ọmọ Yewa, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ewì ẹ̀fẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Bí akọrin ẹ̀fẹ̀ bá tilẹ̀ gbé ère lé orí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́jà. Ohùn rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ǹjẹ́ ará ìlú lásán mọ ọnà í dá lẹ́jọ́? Ní 1973, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn oníṣọ̀nà Áfíríkà, àròkọ méjì tó kàn wá sì wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ti William Bascom, tó jókòó ti Dúgà, agbẹ́gilére ará Ìmẹ̀kọ, lẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí 1950. Ó fi orúkọ rẹ̀ ṣe àkọlé àròkọ náà, mo sì kan sáárá sí i fún ìyẹn. Èkejì ni ti Robert Farris Thompson. Ó gbé ère kalẹ̀ ní abúlé, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá sọ èyí tó dára jù, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí jíjọ náà má pọ̀ jù. Wọ́n fẹ́ kí ara rẹ̀ dán. Wọ́n fẹ́ kí ó gún régé, kí ojú ilà fífín hàn kedere, kí àgbàlagbà pàápàá rí bí ọ̀dọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n ohun kan kù níbẹ̀. Ère tó dúró sójú kan ni Thompson fi hàn wọ́n. Ní ọjà Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère ń fò, eruku ń sọ, ẹni tó dúró lẹ́yìn sì ń na ọrùn. Kí ojú ọnà hàn láti òkèèrè ló kọ́kọ́ jẹ́ àmì iṣẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ọ̀dà fi ń pọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìlú bá mọ oníṣọ̀nà tó báyìí, báwo ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe kún fún ère tí wọ́n kọ “a kò mọ ẹni tó ṣe é” sí lára? Àwọn tó kó o lọ kò béèrè, ìyẹn ni ìdáhùn tó rọrùn. Rowland Abíọ́dún fi òmíràn kún un: Yorùbá kì í ju orúkọ sílẹ̀ fún àlejò tí wọn kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Oríkì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ìwé rẹ̀ ti 2014 sì dá lórí bí oríkì ti ṣe kókó fún òye ọnà wa. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Ìsẹ̀ gan-an. Ní 1988, ọdún 50 lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láyé ki oríkì rẹ̀ fún onímọ̀ John Pemberton. Ìmọ̀ náà wà nílé ní gbogbo ìgbà tí àwọn onímọ̀ fi ń fi àfiwé ojú-ère wá orúkọ kiri ní Yúróòpù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan, tí Roslyn Walker sì kọ ìwé rẹ̀.

Lónìí, Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin tí a bí ní 1962, ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń gbé epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà ṣe ojú tó jọ ère. Ó gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Jámánì ní 2007, kò sì sí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ láìkọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹ wá padà sílé. Níbi púpọ̀ nínú àjọ̀dún àṣà tí à ń ṣe báyìí, pátákó ìkíni kún fún àwòrán olóṣèlú àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó fowó sílẹ̀. Wọ́n á ní kí “Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ibi báyìí” jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níwájú àga àwọn àlejò pàtàkì, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí. Agbẹ́gilére kò sí nínú ìwé ètò. Ẹni tó kọ ẹ̀fẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wembley ni à ń ṣe lójú ara wa.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àjọ̀dún, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà àti Benin: ẹ kọ orúkọ agbẹ́gilére, ìlú rẹ̀ àti ilé tí wọ́n bí i sí sára ère àti sínú ìwé ètò. Bí orúkọ bá ti sọnù, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ìdílé tí ère ti jáde, kí ẹ tó kọ ọ́ pé a kò mọ ẹni tó ṣe é.