Obìnrin tí ó gbé aṣálẹ̀ wọ ìlú

Bí a bá dárúkọ aṣálẹ̀, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn púpọ̀ nínú wa ni iyanrìn, òùngbẹ, àti ilẹ̀ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ka aṣálẹ̀ tiwọn sí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí èrò náà ṣe yí padà ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti iṣẹ́ opó kan, Minerva Hamilton Hoyt.

Ìpínlẹ̀ Mississippi ni wọ́n ti bí i ní 1866. Ó fẹ́ dókítà, wọ́n sì ṣí lọ sí South Pasadena, nítòsí Los Angeles, níbi tí ó ti di gbajúmọ̀ nídìí ọgbà òdòdó. Ọmọ rẹ̀ kan kú ní kékeré. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1918. Aṣálẹ̀ ni ó ti rí ìtùnú. Níbẹ̀ ni igi Jóṣúà wà, igi tí ó na apá sókè bí ẹni tí ń gbàdúrà, tí ewé rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Oríṣiríṣi igi ẹlẹ́gùn-ún tí ó jọ ọrọ́ tiwa náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń tanná bí òjò bá rọ̀ fún wọn. Kí ẹ má sì rò pé ilẹ̀ náà ṣófo. Àwọn ẹ̀yà Serrano àti Chemehuevi ti gbé etí omi Mara kí òyìnbó tó dé ibẹ̀.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lọ sí aṣálẹ̀. Wọn a hú igi, wọn a kó o sẹ́yìn ọkọ̀, wọn a lọ gbìn ín sí iwájú ilé. Ibì kan wà nítòsí Palm Springs tí wọ́n ń pè ní Ọgbà Èṣù, tí ọrọ́ kún bí koríko. Wọ́n hú u títí ibẹ̀ fi di ahoro. Àwọn awakọ̀ a tilẹ̀ máa dáná sun igi Jóṣúà lóru kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ọ̀nà. Igi tí kì í sábà ga ju ínṣì mẹ́ta lọ lọ́dún kan ni wọ́n sọ di fìtílà alẹ́ kan ṣoṣo!

Ta ni yóò ṣòfin lórí ohun tí kò jọ ọ́ lójú? Ìyáàfin Hoyt mọ̀ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní 1928, ó di igi, òkúta àti iyanrìn aṣálẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin, ó kó wọn la Amẹ́ríkà já lọ sí ibi àfihàn òdòdó ní New York. Kí òdòdó má bàa rọ, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń gbé tuntun wá fún un. Lẹ́yìn náà ó ṣe irú rẹ̀ ní Boston àti ní London. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ju ẹgbẹ̀rún ìwàásù lọ. Ní 1930 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ààbò aṣálẹ̀ gbogbo àgbáyé. Ààrẹ Mẹ́síkò ìgbà náà, Pascual Ortiz Rubio, pè é ní Àpọ́sítélì àwọn ọrọ́.

Nígbà tí Roosevelt di Ààrẹ ní 1933, ìyá yìí gba ìwé lọ́wọ́ Gómìnà California, ó mú ọ̀nà Washington pọ̀n. Ó ti ní kí àwọn onímọ̀ kọ ìwé nípa ilẹ̀ náà, ó sì ti ní kí Stephen Willard ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò yá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Southern Pacific ni ó ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Àwọn awakùsà náà kò fẹ́ gbọ́. Roger Toll, tí ìjọba rán láti wá wò ó ní 1934, ní ibi kékeré kan tó. Ìyáàfin Hoyt kò gbà. Ìjọba rán ẹlòmíràn, èyí sì rí ohun tí Toll kò rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, 1936, Roosevelt fọwọ́ sí i: éékà 825,000 bọ́ sábẹ́ ààbò.

Ó kú ní 1945. Ní 1950, nítorí àwọn awakùsà, òfin tuntun gé bí éékà 290,000 kúrò.

Láti 1986, nígbà tí Aṣòfin Àgbà Alan Cranston gbé òfin ààbò aṣálẹ̀ California wá, ọdún mẹ́jọ ni ìjà náà gbà. Àwọn ará ìlú fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà, wọ́n ya àwòrán ààlà rẹ̀ láìgba owó, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin. Àwọn awakùsà, àwọn olówó màlúù àti àwọn tí ń fi alùpùpù ṣeré lórí iyanrìn dúró ní ìhà kejì. Dianne Feinstein ni ó gbé e dé òpin. Ní oṣù Kẹwàá 1994, ẹni 68 lòdì sí 23 ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà dìbò pé kí àríyànjiyàn dópin, Ààrẹ Clinton sì fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Ilẹ̀ igi Jóṣúà gba bí éékà 234,000 padà, òun àti Àfonífojì Ikú sì di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ti Mojave yàtọ̀. Àwọn ọdẹ kò fẹ́ kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn, nítorí náà orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un, wọ́n sì ń ṣọdẹ níbẹ̀ lábẹ́ òfin títí di òní.