Ta Ló Ni Ilé-ìwé Ìlú? Ìjọ, Ìjọba àti Ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú máa ń ní alábòójútó, ṣùgbọ́n alábòójútó kì í ṣe olóhun. Ọjà Akẹ̀sán tó wà lẹ́bàá ààfin Aláàfin jẹ́ ẹ̀rí èyí, nítorí pé láti Ọ̀yọ́-Ilé ni àwọn tó bá Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ní nǹkan bí ọdún 1838, ti gbé orúkọ rẹ̀ wá, ọjà ọba ni wọ́n sì ń pè é láì jẹ́ pé ọba kan sọ ọ́ di dúkìá ara rẹ̀. Nígbà tí iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 2020, owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi tún un kọ́. Ilé-ìwé náà wà lára irú ìní bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tirẹ̀ díjú ju ti ọjà lọ, nítorí pé ọwọ́ mẹ́ta ló gbé e dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè sọ pé òun lòun ni ín.

Ní ọdún 1896, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ìjọ Áńgílíkà tí a mọ̀ sí CMS gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn, tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó gbé e lọ sí Èkó, wá sí Ọ̀yọ́, níbi tó ti di St. Andrew's College. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, ilẹ̀ ìlú sì wà ní ìkáwọ́ ọba àti àwọn ìjòyè, tí àṣà fún láṣẹ láti fi ilẹ̀ fún àlejò lò, ṣùgbọ́n tí kò fún láṣẹ láti tà á pátápátá. Ìjọ kọ́lé, ìjọ sì kó olùkọ́ wá. Nígbà tó yá, owó ìrànwọ́, ìyẹn owó tí ìjọba amúnisìn ń san fún ilé-ìwé ìjọ tó bá kúnjú òṣùwọ̀n rẹ̀, wọ inú ètò náà, tó fi jẹ́ pé owó orí àgbẹ̀ àti owó bodè oníṣòwò ń gbọ́ apá kan bùkátà ilé-ìwé ìjọ. Inú ọgbà yìí ni òǹkọ̀wé D. O. Fágúnwà ti kẹ́kọ̀ọ́ tó sì ti ṣe tíṣà, ibẹ̀ náà sì ni Adékúnlé Ajásin, tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1979, ti gba ẹ̀kọ́ olùkọ́. Nítorí náà, ilẹ̀ wá láti ọwọ́ ìlú, ilé wá láti ọwọ́ ìjọ, owó sì wá láti àpò gbogbo ènìyàn.

Ewu pé kí ẹnìkan jókòó sí ìhà méjì nínú àdéhùn kan, kó jẹ́ òun ni afúnni kó sì tún jẹ́ òun ni ẹni tó ń gbà á, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn olóṣèlú òde òní. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1926, àwọn aṣojú ìjọ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ìjọ yìí náà ló ń gba owó ìrànwọ́. Olóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ wọn sì ń jẹ́rìí wọn títí di òní, ṣùgbọ́n ètò tó jẹ́ pé ìwà ọmọlúàbí nìkan ló ń ṣọ́ owó ìlú kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ṣe iṣẹ́ tí CMS ṣe ní Ọ̀yọ́. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1898, ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn tíṣà sì kúrò lọ sí Ìwó ní ọdún 1938, níbi tó ti di Baptist College.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ológun gba àwọn ilé-ìwé ìjọ, tó sì sọ wọ́n di ti gbogbogbòò. Òfin Ilẹ̀ ti oṣù kẹta ọdún 1978 wá fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Alábòójútó ni òfin náà fi gómìnà ṣe, kò sọ ọ́ di olóhun. Ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ti wọlé ní ọdún 1979, àmọ́ nígbà tí ìjọba Gómìnà Jákàńdè ní Èkó fẹ́ pa ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́ ní ọdún 1980, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie ti Ìjọ Kátólíìkì gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn aládàáni lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni ti jọ ń wà pọ̀, ibi tí wọ́n sì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ni ìṣòro wà.

Lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ pinnu pé NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ń fúnni lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí tíṣà gbọ́dọ̀ ní, iṣẹ́ sì tán lọ́wọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí tíṣà Grade Two. Inú ọgbà Baptist College ní Ìwó ni Yunifásítì Bowen ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002; inú ọgbà St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ sì ni Yunifásítì Ajayi Crowther, tó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 2005, fìdí kalẹ̀ sí. Ẹ̀tọ́ ìjọ lórí àwọn ọgbà yìí lágbára, kò sì sí ẹni tó lè sẹ́ pé ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ kún ilé ju kí igbó bò ó. Síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ tálákà níṣẹ́ tíṣà pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba ti di ibi tó jẹ́ pé ẹni tó lówó yunifásítì aládàáni lọ́wọ́ ló ń wọ̀ ọ́, ìpín ìlú tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ àti ti àwọn tó san owó orí sì yẹ ní kíkà gẹ́gẹ́ bí a ti ka ìpín ìjọ.

Ọ̀rọ̀ náà gbóná janjan ní oṣù kẹfà ọdún 2016, nígbà tí ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé ètò kan jáde láti fi ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì 31 sábẹ́ àbójútó àjọṣe pẹ̀lú àwọn ìjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti àwọn aládàáni. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dìde sí i ní Ìbàdàn, wọ́n ní títà ni, ìjọba ní kì í ṣe títà; àwọn aláṣẹ mú àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́, wọ́n sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Ìbẹ̀rù àwọn òṣìṣẹ́ ní ìdí. Bí ilé-ìwé ìjọba ṣe ń kú kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀: tíṣà ìṣirò fẹ̀yìn tì, wọn kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ìjì ṣí páànù kíláàsì, òjò ń rọ̀ sórí bẹ́ǹṣì, òbí tó lè rówó kó ọmọ rẹ̀ kúrò, wọ́n wó fẹ́ǹsì tó kọjú sí títì, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá wá di pé aláṣẹ tí kò fi tíṣà ránṣẹ́ ló ń sọ pé ilé-ìwé ti kú, tí òun náà ló ń dá iye owó tí wọn yóò fi háyà rẹ̀, tí òun náà ló sì ń yan ẹni tí yóò háyà rẹ̀, kí ni yóò dá a dúró kó má fi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí fún ilé-ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀? Ètò tó tẹ̀ lé ti oṣù kẹfà ọdún 2016 náà dá ìgbìmọ̀ alábòójútó sílẹ̀ fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, àwọn òbí sì ń san ₦3,000 lọ́dún, owó tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé fagi lé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ọjọ́ tó gba ìjọba.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti fi ara rẹ̀ sí ipò tí àǹfààní tirẹ̀ yóò ti tako iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ìlànà yìí dè. Kò de àlùfáà tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùtọ́jú dúkìá ìjọ, kò de olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, kò sì de olówó tó fẹ́ háyà. Ní ìlú bí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti rọrùn kí kọmíṣọ́nnà, ọmọ ìjọ àti akẹ́kọ̀ọ́jáde jẹ́ ẹnìkan náà, ohun tó kù láti béèrè ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kéde ìpín tó ní nínú ilé-ìwé kan ní gbangba kí ìjókòó ìgbìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó dìde kúrò níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé-ìwé náà, kí wọ́n sì ka ìwé àdéhùn náà sétígbọ̀ọ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn wà nínú ọgbà náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.