Ìfẹ́ Àìmọtara-ẹni-nìkan àti Ìrúbọ nínú Bíbélì: Ẹ̀rí láti Ayétòrò, Etíkun Ìlàjẹ

Ikú Jésù lórí àgbélébùú ni oníwàásù máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà bí ọ̀rọ̀ bá kan ìfẹ́ àìmọtara-ẹni-nìkan. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Ìwé Mímọ́ kò fi mọ síbẹ̀. Nínú Jòhánù orí 13, Jésù ti wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó wá mú un. Ìwé Jòhánù kìn-ín-ní, orí 3, kò sì tíì sọ̀rọ̀ tán lórí fífi ẹ̀mí lélẹ̀ tó fi bọ́ sórí ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó sì ń wo ará rẹ̀ níran nínú àìní. Ọ̀rọ̀ ohun ìní yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí pé etíkun Ìlàjẹ ni a ti rí àwọn tó mú un lò délẹ̀délẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1947, àwọn kan láti inú Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó sí ilẹ̀ ẹrẹ̀ etí òkun. Ìwàásù wọn lòdì sí òrìṣà àti pípa ìbejì ti dá ìjà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti wá. Wọ́n mú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 2 àti 4, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ Jerúsálẹ́mù ti da ohun ìní wọn pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di òfin ìlú. Apẹja kó ẹja wálé, akànkọ̀ kan ọkọ̀, ahunṣọ hun aṣọ, kò sẹ́ni tó gba owó iṣẹ́. Àpò kan ni èrè ń wọ̀. Inú rẹ̀ ni oúnjẹ àti aṣọ gbogbo ènìyàn ti ń jáde. Kí òmìnira 1960 tó dé, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn.

Stanley Barrett, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà, kọ ìwé lórí wọn ní 1977. Ó fi ìlú náà wé abúlé kan nítòsí tí kò ní àpò àjùmọ̀ní, tó sì wà nínú òṣì, ó ní àjùmọ̀ṣe ló mú ọrọ̀ wá. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n orísun ọrọ̀ ló ń wá. Ìbéèrè Bíbélì yàtọ̀: ṣé tìfẹ́tìfẹ́ ni ẹni náà fi fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ wo Ananíà nínú Ìṣe orí 5, ẹni tó ta ilẹ̀, tó fi apá kan owó rẹ̀ pamọ́, tó sì ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló mú wá. Pétérù sọ fún un gbangba pé tirẹ̀ ni ilẹ̀ náà kó tó tà á, ìkáwọ́ rẹ̀ sì ni owó rẹ̀ wà lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú un. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú Kọ́ríńtì kìn-ín-ní, orí 13: ẹni tó pín gbogbo ohun ìní rẹ̀ láìní ìfẹ́ kò jèrè kankan. Ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda nìkan ni ìrúbọ. Àwọn olùdásílẹ̀ Ayétòrò ní àwọ̀n àti ọkọ̀ tí wọ́n lè kó sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ bá àpò nílẹ̀ ni, kò ní ohun tí yóò fi sílẹ̀. Nígbà tí ìlú wá gba iṣẹ́ àdáni láàyè ní 1968, àwọn kan ní ìfẹ́ ti tutù. Ìdájọ́ yẹn kánjú jù lójú tèmi, nítorí a kì í bá òbí ẹni yọ̀ǹda.

Lónìí òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ ní Ayétòrò. Iṣẹ́ ìdènà omi tí àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta (NDDC) gbé síta ní 2004 kò dá a dúró. Ẹni tí ilé rẹ̀ ṣì dúró ń gba ìbátan tí omi lé jáde sọ́dọ̀. Ìgbàlejò yìí, tí òfin ìlú kankan kò pa láṣẹ, ni ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wá kọ sílẹ̀ báyìí, nígbà tí àwọn tó ń ṣe é ṣì wà níbẹ̀.