Ìwé Wo Ló Yẹ Òǹkàwé Pobẹ̀ àti Sakété? Àyẹ̀wò láti Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé Ìwé Ọmọdé

Bí ẹnìkan bá ní ká dárúkọ ìwé Yorùbá tí òun lè fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, orúkọ D. O. Fágúnwà ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, kò tíì sí ìwé tó gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún òǹkàwé tó wà ní Pobẹ̀ àti Sakété, ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èrò mi yàtọ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló yẹ kó ṣíwájú fún àgbàlagbà ibẹ̀. Ìwé Faransé àti ìwé Yorùbá gbọ́dọ̀ jọ wà lórí tábìlì kan náà. Ìwé ọmọdé sì ni ibi tí ọwọ́ wa ti kúrú jù lọ.

Ta ni òǹkàwé yìí gan-an? Nàgó ni, tàbí Ọ̀họ̀rí, tàbí Ìfọ̀nyìn. Yorùbá ló fi ń ná ọjà, òun ló fi ń ki ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé láti kíláàsì àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lórí ààlà. Sakété àti Pobẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn kò gbọdọ̀ fojú fo ìwé A. I. Asiwaju, Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945, tó jáde ní 1976. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni òǹkọ̀wé náà, ìhà méjèèjì ààlà ló sì yẹ̀ wò. Lẹ́yìn rẹ̀, kó wá The Frontier States of Western Yorubaland tí Biodun Adediran kọ (1994). Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì, ó sì dùn mí dé ọkàn: ìtàn ilẹ̀ Sakété wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ Sakété tó gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí ẹ̀kọ́ girama, lè máà lè kà á láìsí ògbufọ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún wà níbẹ̀. Ní 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ náà. Wọ́n tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Yorùbá tí wọ́n ń kọ ní ìlànà yìí ń lo ɛ níbi tí ìwé Ìbàdàn ti ń lo ẹ, ó ń lo ɔ níbi tí tiwa ti ń lo ọ, sh dípò ṣ, kp dípò p. Ẹni tó kọ́ láti kọ ɔ̀kpɔ̀ lè ka ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ kọsẹ̀, ẹni tó bá sì ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà kò ní pẹ́ gbé ìwé sílẹ̀. Ohun tó lè mú un fara dà á ni ìtàn tó ń fà á lọ, tí kò jẹ́ kó sinmi títí yóò fi mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, àpèjúwe ń gun orí àpèjúwe. Inú gígùn náà ni adùn rẹ̀ wà, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù rẹ̀. Àmọ́ ó lè sú ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ́ àkọtọ́ yẹn kó tó dé ibi tí adùn wà.

Kọ́lá Akínlàdé ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Yewa ni, ìyẹn ni pé ará ìtòsí ààlà ni òun náà. Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? jáde ní 1971, Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Èdè rẹ̀ mọ́, gbólóhùn rẹ̀ kò gùn, ó sì máa ń to ẹ̀rí jọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé débi pé òǹkàwé lè bá a wádìí. Ẹni tó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò lè pa ìwé dé nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, kó sì sọ ẹni tó fura sí. Fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Pobẹ̀ tí Yorùbá kíkà rẹ̀ kò tíì já gaara, n kò mọ ìwé mìíràn tó tù ú lára tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó dágbére fáyé ní 2019. Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Tàfá Ìgìrìpá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ bí ìjà bá ti fẹ́ bẹ́. Ìtàkúrọ̀sọ ni Òkédìjí fi ń gbé ìtàn rìn. Ẹni méjì á máa fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, òwe á máa ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí ẹnu ẹnìkejì, nígbà tí òǹkàwé yóò bá fi mọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti tú àṣírí ara rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìwé méjèèjì yìí dára fún kíkà sókè. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n tó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó ń kà á, kó máa la òwe fún un, kí ọmọ máa la ìwé fún ìyá. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ kan lè rú ará Sakété lójú níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ á gbé e kọjá. Atótó Arére (1981) wúwo ju méjèèjì lọ: ìgbésí ayé ọmọ kan tó di ọ̀daràn ni. Kí òǹkàwé fi í sí ìkẹyìn.

Wàyí o, ọmọ Pobẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó ń kọ irú ìtàn báyìí. Pobẹ̀ ni wọ́n bí Florent Couao-Zotti sí ní 1964. Faransé ló fi ń kọ̀wé. Ní 2010 ni ìwé rẹ̀, Si la cour du mouton est sale, ce n'est pas au porc de le dire, gba ẹ̀bùn Ahmadou-Kourouma. Òwe ni àkọlé náà: bí àgbàlá àgùntàn bá dọ̀tí, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. Òkú arẹwà obìnrin kan ní Kútọnu àti òwò kokéènì ni ìtàn náà dá lé. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjà Ló Lẹrù, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n: ìlú ńlá tí owó ti ń ba ìwà jẹ́, àwọn agbófinró tí ọwọ́ wọn kò mọ́ délẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tó ń bọ́ lẹ́nu ẹni tí ikú ń lé. La traque de la musaraigne (2014) mú wa tẹ̀ lé ọmọ ilẹ̀ Faransé kan àti obìnrin ará Ghana kan tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀. Western tchoukoutou (2018) lọ sí Natitingou ní àríwá, níbi tí obìnrin kan ti padà wá gbẹ̀san. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti 2010 ni mo yàn. Ó yẹ kí gbogbo ilé ìkàwé ní Plateau ní in, ó sì yẹ kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, nítorí ìlú tó bí òǹkọ̀wé náà ń sọ èdè yìí láràárọ̀.

Àwọn ìtàn ìwà ọ̀daràn láti Èkó pẹ̀lú ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé Plateau nípasẹ̀ Faransé. Leye Adenle kọ Easy Motion Tourist ní 2016. Lagos Lady ni wọ́n pè é ní Faransé. My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite kọ ní 2018 di Ma sœur, serial killeuse: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ọ̀kan ń pa ọkùnrin, ìkejì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń nu ẹ̀jẹ̀. Orí rẹ̀ kúrú, a lè kà á tán ní alẹ́ méjì. Wọlé Ṣóyínká náà fi ọ̀ràn òwò ẹ̀yà ara ènìyàn kọ ìwé ìtàn tó gbé jáde ní 2021, tí ẹ̀dà Faransé rẹ̀, Chroniques du pays des gens les plus heureux du monde, sì wà. Ìwé ńlá ni, ó sì ń béèrè sùúrù. Ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan ni mo lè fún.

Ẹni tí ìfẹ́ àti ọ̀ràn ilé wù ju ìpànìyàn lọ, kó ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974) ní Yorùbá, tàbí Baba Segi, ses épouses, leurs secrets ti Lọlá Ṣónẹ́yìn ní Faransé. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn idán àti ogun lè gba De sang et de rage ti Tomi Adeyemi, níbi tí orúkọ àwọn òrìṣà wa ti ń jẹyọ ní ojúewé dé ojúewé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí igbó abàmì ṣe rí lédè Faransé, ẹ̀dà ìwé Amos Tutùọlá tí Raymond Queneau túmọ̀ ní 1953, L'Ivrogne dans la brousse, ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Sakété ti mọ àlọ́ ìjàpá, ó ti mọ orin rẹ̀, ó sì wọ kíláàsì lọ bá ìwé tí kò sí ohùn ilé nínú rẹ̀. Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ, tó ti wà láti àwọn ọdún 1940, ló tọ́ ìran púpọ̀ ní Nàìjíríà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ìwé ìkọ́ni ni. Ọmọdé ń fẹ́ ìwé tí òun lè gbé sùn. Ní Kútọnu, ilé ìtẹ̀wé Ruisseaux d'Afrique, tí Béatrice Lalinon Gbado dá sílẹ̀, ń tẹ ìwé aláwòrán tí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lè rí ara rẹ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ ni kí òbí àti olùkọ́ kọ́kọ́ yà sí. Akissi, tí Marguerite Abouet ń kọ, tí Mathieu Sapin ń yàwòrán rẹ̀, jẹ́ ìtàn ọmọbìnrin kan ní Abidjan: wọ́n fi ẹja rán an níṣẹ́, àwọn ológbò àdúgbò gbá tẹ̀ lé e. Ọmọ tí wọ́n ti rán níṣẹ́ rí kò ní béèrè àlàyé. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, Couao-Zotti kọ Charly en guerre, nípa ọmọdé tí ogun gbé lọ. Kí àgbàlagbà wà nítòsí nígbà tó bá ń kà á.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò sí ní Faransé tàbí Yorùbá nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Atinuke, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, kọ Baby Goes to Market ní 2017. Angela Brooksbank ló ya àwòrán rẹ̀. Ìyá pọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́jà. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà, ọmọ jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú agbọ̀n orí ìyá rẹ̀. Ọlọ́sàn fún un ní ọsàn márùn-ún, ó jẹ ọ̀kan, mẹ́rin wọ agbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣínṣín, bẹ́ẹ̀ ni alágbàdo, bẹ́ẹ̀ ni alágbọn, iye ń dín kù, agbọ̀n ń wúwo, ìyá kò mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá lè ṣí àwòrán yìí fún ọmọ, kó sì fi Yorùbá Pobẹ̀ ka iye náà láti ẹẹ́fà wá sí ọ̀kan. Ìṣirò ni, ìtàn ni, ọjà wa ni.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Storybook, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ní ìtàn kéékèèké lédè Yorùbá àti Faransé tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó tilẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Olùkọ́ kan tó ní fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kó yí ẹ padà sí ɛ, kó yí ọ padà sí ɔ, ìwé náà di ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí ilé ìtẹ̀wé kan bá sì fẹ́ ṣe é dáadáa, ojúewé mẹ́rìndínlógún ti tó: àwòrán ọjà Pobẹ̀ lókè, àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ lápá òsì, àkọtọ́ Ìbàdàn lápá ọ̀tún, kí ọmọ Sakété àti ọmọ Ìlaròó lè jọ ka ẹyọ ìwé kan náà.