Kí Ìbọn Tó Dún ní Ọjọ́ Sátidé

Ní ilé wa ní Uso, Ọjọ́bọ̀ ni Sátidé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àwọn ọdẹ bá fẹ́ dán ìbọn wọn wò kí wọ́n tó wọ igbó ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá mi àgbà á gbé ṣakabùlà wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, wọ́n á tẹ́ àpò sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n á sì jókòó tì í. Wọn kì í kánjú. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ki ọ̀pá irin bọ ẹnu ìbọn, wọ́n á fi ìka sàmì sí ibi tí ọ̀pá náà wọlé dé, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti ìta láti wò ó bóyá ó kan ìdí. Bí kò bá kan ìdí, a jẹ́ pé nǹkan ṣì wà nínú ìbọn. Wọ́n ti bá ẹ̀tù nínú rẹ̀ rí lẹ́yìn tí àwọn fúnra wọn ti búra pé òfìfo ni. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti gba ara wọn gbọ́ mọ́. Ọ̀pá irin yẹn ni wọ́n gbà gbọ́.

Mo ti ń wo èyí láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò kà á sí ìtàn. Lójú mi, ìtàn ni ohun tó wà nínú ìwé, tí ó ní orúkọ ọba àti ọjọ́ ogun. Ìgbà tí olùkọ́ wa kọ́ wa ní ogun Kírìjì ni mo béèrè ìbéèrè kan tó mú kí kíláàsì rẹ́rìn-ín: ta ló kọ́ àwọn jagunjagun náà bí wọ́n ṣe ń yìnbọn? Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ wá ìdáhùn rẹ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí nìyẹn.

Ìbọn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Pọtogí tó dé Benin ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún gbé e dání, àwọn oníṣẹ́ idẹ Benin sì ya àwòrán wọn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ bí Ọ̀wọ̀ àti Benin ṣe sún mọ́ ara wọn láyé àtijọ́ kò ní rò pé ìròyìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa. Àmọ́ nínú ogun tí Yorùbá ń bá Yorùbá jà, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìbọn tó gbilẹ̀. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú tó sún mọ́ etí òkun ló ní ìbọn. Àdá gígùn ni àwọn ará Òwu fi ń pàdé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìlú tó fẹ́ jẹ́ aládàá mọ́.

Ìbọn tí wọ́n ń tà fún wa nígbà náà ni Òyìnbó fi orúkọ ará Dẹ́ńmáàkì pè, nítorí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà tó ń kó o wá sí etíkun. Àwa ń pè é ní ṣakabùlà. Irú rẹ̀ ni bàbá mi àgbà ní, alágbẹ̀dẹ ló sì rọ tiwọn. Láti yin ìbọn yìí lẹ́ẹ̀kan, o máa da ẹ̀tù láti inú àdó sí ẹnu rẹ̀, o máa fi àkísà tẹ̀ lé e, o máa fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, o máa da ọta sí i, o máa tún fi àkísà dí i kí ọta má baà yí jáde, o máa wá fi ohun tí yóò ṣáná sí ìdí rẹ̀. Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọ ti dé. Ìdí nìyí tí àwọn jagunjagun fi ń jà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: àwọn kan á lọ síwájú, wọ́n á yìn, wọ́n á padà sẹ́yìn lọ ki ìbọn, àwọn mìíràn á sì bọ́ sí ipò wọn. Kò sì rìn jìnnà. Inú ọ̀pá rẹ̀ dán bọ̀rọ́, ọta á máa gbá ẹ̀gbẹ́ kan gbá ẹ̀gbẹ́ kejì kó tó jáde, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó máa yà sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni bàbá mi àgbà máa ń wọn ẹ̀tù. Ìdérí ìgò kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìdérí yẹn kan náà láti ọdún tí wọn kò lè kà mọ́. Wọ́n á bù ú, wọ́n á fi ìka gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, wọ́n á dà á sínú bébà, wọ́n á ká a. Mẹ́ta péré ni wọ́n máa ń ká. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í fi kún un díẹ̀ kí ọta lè lọ jìnnà. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí ó wá fi ọwọ́ hàn mí. Mo ti mọ ọwọ́ náà tipẹ́, ìka méjì ni kò sí níbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nítorí kí ọta lè lọ jìnnà ni. Ó fi ẹ̀tù kún ẹ̀tù níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀pá ìbọn sì ya lápá òsì. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ iye tí gààrí jẹ́ lọ́jà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí mo padà sínú ìwé ni mo rí i pé nítorí ìjìnnà yìí kan náà ni Kírìjì fi yàtọ̀ sí àwọn ogun tó ṣáájú rẹ̀. Ọdún 1878 ni Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wá di olórí ogun wọn, Ààrẹ Látóòsà sì kó Ìbàdàn wá pàdé wọn. Àwọn òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n dúró sí, ìró ìbọn tó ń dún padà láàárín òkè ló sì fún ogun náà ní orúkọ. Ìbàdàn ló mọ ogun jà jù. Bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà sí ṣakabùlà nìkan ni, ẹ̀rù ì bá ba Èkìtì.

Àmọ́ ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n sì padà wá láti Sàró, tí wọ́n di oníṣòwò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Oǹdó, tí ìjọba Èkó ti là ní 1872, ni púpọ̀ nínú ẹrù ogun wọn gbà kọjá, èyí ni pé ilẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ wa lónìí ló gbà. Ọdún 1866 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Snider fún ara wọn. Ìdí ni wọ́n ti ń ki í, kì í ṣe ẹnu. Ẹ̀tù àti ọta wà pọ̀ nínú ìdì kan, ènìyàn sì lè yin bíi mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gbẹ́ ilà yíyípo sínú ọ̀pá rẹ̀ tí ọta fi ń yí bí òkòtó bó ṣe ń lọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó yà. Irin kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí a ń gbé sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ibi tí ohun tí a fẹ́ ta bá ṣe jìnnà tó, wọ́n sì fa ìwọ̀n sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí irin kékeré yẹn, nítorí pé òun ni ìdáhùn ìbéèrè mi. Ẹni tó ti ń fi ṣakabùlà jà láti èwe kò lè kàn gbé Snider kó mọ̀ ọ́n lò. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ láti gbé ìdí ìbọn sí èjìká, kó fi ojú kan wò ó, kó fojú wọn ilẹ̀ tó wà láàárín òun àti ohun tó fẹ́ ta, kó sì gbé irin náà sí ibi tó yẹ. Bí ó bá ṣi ilẹ̀ wọ̀n, ọta á gba orí ọ̀tá kọjá. Kì í ṣe ìbọn nìkan ni àwọn ọmọ Èkó fi ránṣẹ́. Àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n yìn wá láti Èkó sí ibùdó, wọ́n sì kọ́ àwọn yòókù. Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ nípa Kírìjì, orúkọ àwọn olórí ogun la há sórí. Lójú tèmi, àwọn olùkọ́ ìbọn yìí yẹ lẹ́ni tí a ń dárúkọ pẹ̀lú wọn.

Ohun kan tún wà. Bí ọta ṣakabùlà bá tán, alágbẹ̀dẹ lè gé irin wẹ́wẹ́, a ó sì máa jà lọ. Snider kì í jẹ irin alágbẹ̀dẹ. Ìdì tirẹ̀ nìkan ló ń jẹ, Òyìnbó ló sì ń ṣe é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá yìn láti fi kọ́ṣẹ́ ti dín kù nínú èyí tí wọ́n máa fi jà, èyí tí wọ́n gbé lórí láti etí ọ̀sà wá. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá mi àgbà, wọ́n na ọwọ́ sí bébà ẹ̀tù mẹ́ta tó wà níwájú wọn. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Ìbàdàn náà wá Snider kiri, wọ́n sì rí díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọ̀nà borí. Látóòsà kú sí ibùdó ní 1885. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, wọ́n kéde àlàáfíà. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá wà lára àwọn tó ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó tó tú tán. Kí ó tó tú, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ìbọn Maxim, tí ń yìn láìsinmi, lọ pàdé Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Lẹ́yìn èyí, ta ló ní ìbọn tó lọ jìnnà jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Yorùbá mọ́.

Òfin Ìbọn ti 1959 ló ń ṣọ́ wa báyìí. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ní rárá, èyí tó nílò àṣẹ tó le, àti irú ṣakabùlà, tó nílò ìwé àṣẹ tirẹ̀ náà. Inú ọ̀rá ni ìwé ti bàbá mi àgbà máa ń wà, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ wọn.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Uso kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Ṣe ni àwọn òbí wa ń pe ara wọn lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn ọdẹ jáde láti dán ìbọn wò bí ìṣe wọn, kò sì sí ẹni tó rántí kéde rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ń fọ abọ́ nígbà tí ìbọn dún láti ìhà odò. Màmá mi kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n gbá wa mú, wọ́n tì wá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì fi ara wọn dí ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ kí igbe má baà jáde. Ìbọn náà tún dún lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí bàbá mi àgbà fi máa dé, tí wọ́n ń fèrè bọ̀ lọ́nà, ó ti tó wákàtí kan tí a ti wà níbẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi. N kò rí i rí kí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ọmọ wọn. Màmá mi ń sunkún, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Wọn kò dìde bọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ kan ti kún iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á rán agogo yí àdúgbò ká, wọ́n á ní ìbọn mẹ́ta mẹ́ta ni olúkúlùkù máa yìn, ní ìhà odò, láàárín aago méje sí mẹ́jọ. Ó jọ àṣà tuntun lójú mi, àfi ìgbà tí bàbá mi àgbà rán mi létí Igógo. Ní Ọ̀wọ̀, bí ọdún Igógo bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, a kì í lu ìlù, a kì í yìnbọn, agogo ló máa ń dún títí ọdún á fi parí. Àwọn àgbà ti ń ṣòfin lé ìró ìbọn lórí kí Òfin 1959 tó dé.

Sátidé tó kọjá, èmi ni mo gbé páálí tí wọ́n ta. Bàbá mi àgbà ka ogójì ìṣísẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e ti ẹ̀gbẹ́ òkìtì, kí ọta má baà kọjá síwájú. Mo ní kí a sún un dé ọgọ́ta. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n sì ní ogójì. Kí ìbọn tó dún, mo sáré padà sílé láti wà lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú màmá mi, ó na ìka mẹ́ta sókè. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ dún, ó fò díẹ̀, ó sì ká ìka kan.